Òní la bó ìràwọ̀ kúrò lára áńbúláǹsì wa

Gbogbo ọjọ́ òní la fi ń bó sítíkà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, lára áńbúláǹsì àlòkù tá a fẹ́ sọ di mọ́tò ìrìnàjò tá a ó máa sùn nínú ẹ̀. Èmi di dráyà tí wọ́n fi ń gbẹ irun mú, ẹ̀gbọ́n mi mú bíléèdì oníke, màá fẹ́ ooru sí i títí gọ́ọ̀mù abẹ́ ẹ̀ á fi rọ̀, wọ́n á wá máa rọra ká a láti etí. Bíléèdì irin yá ju ìyẹn lọ lóòótọ́ àmọ́ ó máa ń ha péǹtì. Ibi tí wọ́n kọ AMBULANCE sí ṣì ń hàn gbangba lẹ́yìn tá a bó o tán o, torí oòrùn ti pa gbogbo péǹtì tó yí i ká, kò sì dé abẹ́ lẹ́tà yẹn láti gbogbo ọdún yìí wá. Àfi ká kùn ún. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin ò fẹ́ kí mọ́tò tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ yẹn máa jọ áńbúláǹsì lójú títì, iná pupa àti búlúù orí ẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò, sáírẹ́ẹ̀nì náà gbọ́dọ̀ kúrò. Ká tiẹ̀ ní kò sófin, èmi á ṣì bó o. Tí ẹnì kan bá ń sáré bọ̀ lójú ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ tí ò lè mí dáadáa, tó rí wa, tó rò pé ìrànlọ́wọ́ ti dé, tá a ṣílẹ̀kùn, tó jẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti ìkòkò ló bá níbẹ̀ ńkọ́? Mi ò fẹ́ kírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sẹ́nikẹ́ni láé.

Ìràwọ̀ búlúù ẹlẹ́ka mẹ́fà yẹn ló pẹ́ jù kó tó ṣí. Bí mo ṣe ń yan án lọ ni mò ń sọ ìtàn ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ní Amẹ́ríkà, àgbélébùú aláwọ̀ ọsàn ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ áńbúláǹsì tẹ́lẹ̀, ìgbà tó di 1973 àwọn Red Cross ti Amẹ́ríkà ní ó ti jọ àgbélébùú pupa tàwọn jù, ni Leo Schwartz tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ààbò ojú pópó níbẹ̀ bá ṣe ìràwọ̀ yìí dípò ẹ̀. Ẹ̀ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ní iṣẹ́ tó dúró fún: kẹ́nì kan rí i pé nǹkan ti ṣe èèyàn, kó pè, kí wọ́n gbéra wá, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ níbi tó wà, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ lójú ọ̀nà, kí wọ́n fà á lé àwọn ọsibítù lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní "ẹ̀ka karùn-ún yẹn, inú ibi tó o fẹ́ máa sùn yẹn ni wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn." Bẹ́ẹ̀ ni o, ibẹ̀ gan-an ni.

Ohun tó wá wà lọ́kàn mi látàárọ̀ nìyí, tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ kó má lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra áńbúláǹsì àlòkù láti fi ṣe mọ́tò ìrìnàjò, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe ni pé wọ́n á tú gbogbo inú ẹ̀ dà nù, kọ́bọ́ọ̀dù, wáyà, àga, iná, títí á fi ku àpótí òfìfo, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwọn nǹkan yẹn padà níkọ̀ọ̀kan. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Mọ́tò yìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é kéèyàn lè dúró nínú ẹ̀, kó ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀, kí iná máa tàn kí nǹkan máa tutù kí nǹkan máa gbóná nígbà tí mọ́tò ò rìn. Kí la tún ń wá nínú mọ́tò tá a fẹ́ máa gbé nínú igbó?

Ẹ wo àpótí ẹ̀yìn yẹn fúnra ẹ̀. Tiwa jẹ́ irú tí wọ́n gbé àpótí alúmíníọ̀mù lé ẹ̀yìn Ford E-350, wọ́n jó irin inú ẹ̀ pọ̀ ni, ó lágbára débi pé ní Amẹ́ríkà tí ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ mọ́tò bá ti gbó, wọ́n máa ń gbé àpótí yẹn kúrò lórí ẹ̀ lọ gbé lé mọ́tò tuntun, kó tún máa ṣiṣẹ́ lọ. Àga gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan gba kéèyàn nà gbalaja. Kọ́bọ́ọ̀dù ìta tí wọ́n ń kó sìlíńdà ọ́síjìn sí ga, ó sì jinlẹ̀, ibẹ̀ la máa kó táǹkì omi sí, bó tiẹ̀ jẹ́ pé omi wúwo, lítà kan kílò kan, lítà 100 jẹ́ kílò 100, a gbọ́dọ̀ wọn mọ́tò tá a bá parí ká rí i pé kò tíì ju ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn ẹ̀ lọ. Iná funfun tó yí òkè ẹ̀ ká, èyí tí wọ́n fi ń ríran níbi ìjàǹbá lóru, a ò ní fọwọ́ kàn án, ìyẹn kì í ṣe iná pupa tàbí búlúù tí òfin ń lé kúrò, a máa nílò ẹ̀ tá a bá dé ibùdó nínú òkùnkùn.

Ti wáyà lẹ̀rù ń bà mí sí jù. Kọ́bọ́ọ̀dù iná tá a ṣí lọ́sàn-án, wáyà inú ẹ̀ nípọn bí ìtì igi, mo ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gé gbogbo eléyìí kúrò ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀," wọ́n ní "àbúrò, sùúrù o, wáyà tó ò bá tíì mọ ibi tó ń lọ, má gbé kátà débẹ̀." Iṣẹ́ iná mọ́tò ni wọ́n kọ́, nítorí náà mo gbọ́. À ń tọ̀ ọ́ níkọ̀ọ̀kan, a yọ fíùsì, a wo ohun tó kú, a lẹ bébà mọ́ ọn, a kọ orúkọ ẹ̀. Iṣẹ́ sùúrù gbáà ni, àmọ́ tá a bá parí, a máa ní mọ́tò tó jẹ́ pé gbogbo fíùsì ẹ̀ la mọ̀, ẹni tó bá wà níbi tí kò sí mẹkáníìkì ló mọ bí ìyẹn ṣe ṣe pàtàkì tó. Bátìrì LiFePO4, ìyẹn irú bátìrì lithium kan, la fẹ́ fi síbẹ̀, èyí tó jẹ́ 12V 100Ah kan ń gbé nǹkan bíi wáàtì-wákàtí 1,280, ó sì fúyẹ́ ju bátìrì olójé lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gba ṣájì tí òtútù bá ti wọ abẹ́ 0°C, á bà á jẹ́, ìdí nìyẹn tá a fi máa gbé e sínú mọ́tò dípò kọ́bọ́ọ̀dù ìta. Ẹ̀gbọ́n mi tún ní a ò gbọdọ̀ so ó mọ́ alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti fi ṣe iná, tààrà, torí bátìrì yẹn á fẹ́ fa gbogbo iná tó bá wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí mọ́tò bá wá wà lójú kan tí fáànù alternator ń yí díẹ̀díẹ̀, ooru á pa á. Ṣájà DC-DC, tó ń díwọ̀n iná tó ń wọ bátìrì, ló máa wà láàárín wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo kìlómítà nìkan. Áńbúláǹsì máa ń wà ní títàn fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìkúrò lójú kan, kìlómítà ẹ̀ á kéré, ẹ́ńjìnnì á sì ti ṣiṣẹ́ gan-an. Ford máa ń sọ ọ́ nínú ìwé àwọn mọ́tò ọlọ́pàá wọn pé wákàtí kan tí ẹ́ńjìnnì fi wà ní títàn lójú kan tó ìrìn máìlì 33. Ẹ bèèrè wákàtí ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo táyà náà, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn kóòdù DOT tó wà lára ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019.

Àwọn èèyàn ń bi mí pé ṣé mo lè sùn níbi tó ṣeé ṣe káwọn kan ti kú. Mo ti rò ó gan-an. Nígbà tá a tú ibi tí wọ́n ń de sítírẹ́ṣà mọ́, a wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, torí abẹ́rẹ́ lè wà nínú ihò kékeré èyíkéyìí, a sì fọ gbogbo ẹ̀, ilẹ̀, ògiri, òkè. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ níbẹ̀, àwọn tó gbẹ̀mí èèyàn là níbẹ̀ ló ń wá sí mi lọ́kàn, àwọn awakọ̀ tí wọn ò sùn, àtàwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n dì mọ́ irin òkè yẹn tí mọ́tò ń sáré, tí wọn ò fi ọwọ́ kejì sílẹ̀ lára aláìsàn. Irin tí wọ́n ń dì mú yẹn, kò ní kúrò. Mo nífẹ̀ẹ́ mọ́tò yìí nítorí wọn.

Ó ku òrùlé. Alúmíníọ̀mù máa ń gbé òtútù wọlé, èémí èèyàn méjì lóru á sì di omi lára ẹ̀, omi yẹn á wọ ẹ̀yìn pákó, á rà á. Fóòmù la máa tẹ́ sáàárín irin, fáànù sì gbọ́dọ̀ wà lókè tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde, ẹ̀rọ tó ń pariwo tí gáàsì olóró carbon monoxide bá ti wà nínú mọ́tò náà gbọ́dọ̀ wà, torí ìyẹn ò ní òórùn. Ihò fáànù jẹ́ ínǹṣì 14 ní gígùn àti ní ìbú. A ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà ẹ̀ láàárín irin méjì, ẹ̀gbọ́n mi ní ká wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́la ká tó gbé ayùn sí i.