Kí iná odò kọ́kọ́ lọ ẹ̀gẹ́ wa ná

Dísù ló ń jẹ èrè wa. Ẹ̀gẹ́ tiwa ni, igi ìdáná wà lóko, àwọn obìnrin tó mọ gàrí yan sì kún abúlé wa yìí lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ọwọ́ mi lowó dísù ń gbà jáde, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Àbúrò mi tó kọ́ṣẹ́ iná ló ní odò ẹ̀yìn oko wa lè yí ẹ̀rọ tó máa fún wa níná láti fi lọ ẹ̀gẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. “Àǹtí mi, ẹ gbọ́ ná.” Ó ní bí lítà omi 100 bá ń já bọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan láti òkè tó ga ní mítà 10, nǹkan bíi kílówáàtì 5 ni a máa rí lò lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti jẹ tirẹ̀. Ìyẹn tó ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́ kékeré kan. Gíga yẹn gan-an ni ìṣòro. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tẹ́, a kì í ṣe ará Jos tí omi tó ń já láti òkè ní Kurra ti ń fún níná láti ayé òyìnbó. Bí odò bá já ní mítà 5 péré, omi gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì.

Odò a sì máa fà lẹ́ẹ̀rùn. Ìyẹn ò dẹ́rù bà mí tó bẹ́ẹ̀, torí ìgbà náà ni ilẹ̀ ń le, tí ẹ̀gẹ́ kì í fẹ́ tu, iṣẹ́ ẹ̀rọ pàápàá a máa dín kù. Dísù díẹ̀ á gbà wá.

Ohun tó mú mi lọ́kàn ni ìtàn Cinta Mekar, abúlé kan ní Indonéṣíà. Tri Mumpuni, obìnrin tó gba àmì-ẹ̀yẹ Ramon Magsaysay ní 2011, àti ẹgbẹ́ IBEKA ló wà nídìí rẹ̀. Kílówáàtì 120 ni ẹ̀rọ náà. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ abúlé ló ni ìdajì, wọ́n ń ta iná fún ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ìjọba, wọ́n ń fi èrè rán ọmọ níwèé. Ní Mulanje, ní Màláwì, ilé-iṣẹ́ iná kan tó ń jẹ́ MEGA náà ń ta iná omi fún ará oko. Òwò ni, àmọ́ wọn ò dá a sílẹ̀ kí ẹnì kan lè fi là.

Ẹ wá wo ìdídò Ọ̀yàn tí ìjọba kọ́ nípìnlẹ̀ Ògùn wa níbí. Láti 1983 ni tọ́báìnì mẹ́ta, ẹ̀rọ tí omi ń yí kó lè mú iná wá, ti wà níbẹ̀, mẹ́gáwáàtì mẹ́ta-mẹ́ta, ó sì lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi jókòó lásán.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ ni kó ni ẹ̀rọ odò tiwa. Ìjẹ̀bú mọ ẹgbẹ́ ṣe. Ṣebí ẹ ń rí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ lọ́jọ́ Ojúde Ọba? Kò sẹ́ni tó máa ń jẹ́ kí owó aṣọ di gbèsè sí òun lọ́rùn. (Owó aṣọ ọdún kan lè ra páìpù, àmọ́ n ò ní sọ ìyẹn níwájú àwọn ẹgbẹ́ mi.) Ẹni tó ń kó ewé kúrò lẹ́nu ibi tí omi ń gbà wọlé lóròòwúrọ̀ gbọ́dọ̀ gbowó, kí owó bèárì àti bẹ́líìtì sì wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bàjẹ́. Owó iná gílóòbù nìkan ò lè san gbogbo ìyẹn. Alẹ́ nìkan là ń tàn án, odò sì ń ṣàn tọ̀sán-tòru. Ẹ̀gẹ́ tí a bá lọ lọ́sàn-án ni yóò san án.

Àbúrò mi fẹ́ wá wọn odò náà lóṣù kẹsàn-án. Mo ní rárá, kó wá lóṣù kejì, nígbà tó bá ti fà. Iye tó bá bá níbẹ̀ nígbà náà ni mo máa gbé síwájú ìpàdé.