Àìríṣẹ́ ní Ìlú Ọba àti ní Iléṣà

Ní Ìlú Ọba, ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ kì í sinmi. Nígbà tí ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, tí mo sì forúkọ sílẹ̀ fún owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní Universal Credit, mo fọwọ́ sí àdéhùn pé n óò máa wá iṣẹ́ fún wákàtí 35 lọ́sẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà: ibẹ̀ ni mo ti ń kọ ọ́ pé mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ báyìí, pé wọn kò fèsì, pé mo tún kọ òmíràn. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún mi ni mo gbọ́dọ̀ yọjú sí Jobcentre, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wáṣẹ́, kí n jókòó síwájú obìnrin kan tí mo lè pè ní àbúrò, tí yóò máa tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ bí ó ti ń bi mí ní ohun tí mo ṣe lọ́sẹ̀ náà. Ká tó jókòó dáadáa, a ti parí. Ẹni tí kò bá yọjú, tí kò sì ní àwíjàre tó mọ́gbọ́n dání, wọ́n lè gé owó rẹ̀.

Owó náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń wọlé. Ní ọdún ìṣúná tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹrin 2025, £400.14 lóṣù ni ti anìkangbé tó ti pé ọmọ ọdún 25, ìrànwọ́ owó ilé sì wà lọ́tọ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni èèyàn máa ń dúró kí ti àkọ́kọ́ tó dé. Kì í sì í ṣe gbogbo wa ló ní ẹ̀tọ́ sí i. Èmi ti gba ìwé ìgbélùú kí ọ̀rọ̀ tó kàn mí. Àwọn tí wọ́n wá pẹ̀lú físà iṣẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí kọ́bọ̀, bí iṣẹ́ bá sì bọ́ lọ́wọ́ wọn, 60 ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún wọn láti rí ilé iṣẹ́ mìíràn tí yóò gbà wọ́n, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n palẹ̀ mọ́.

Ní Iléṣà, kò sí ọ́fíìsì tí ń sanwó fún aláìríṣẹ́. NDE, àjọ ìgbanisíṣẹ́ tí ìjọba Babangida dá sílẹ̀ ní ọdún 1986, ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ń ṣe gómìnà Ọ̀ṣun, ó gba ọ̀dọ́ 20,000 sínú ètò ìgbanisíṣẹ́ O-YES, ó sì ń fún wọn ní ₦10,000 lóṣù. N-Power, ètò ti ìjọba àpapọ̀, dé ní 2016 pẹ̀lú ₦30,000 lóṣù fún àwọn tó kàwé gboyè. Àwọn tó wọ̀ ọ́ jẹ nínú rẹ̀, àsìkò wọn pé, wọ́n padà sílé.

Ilé náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ àbúrò bàbá mi kan gboyè ní Ifẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti parí agùnbánirọ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń ta gàrí àti ẹ̀wà ló ń gbé. Àbúrò mi yìí ló ń mú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ síléèwé, òun ló ń fa okùn jẹnẹrétọ̀, òun ló ń jí lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild láti gba nọ́ńbà bí ara ìyá àgbà kò bá yá. “Ṣebí kò kúkú níbi tó ń lọ,” ni wọ́n máa ń wí, kò sì gbọ́dọ̀ kọ̀. Bí mo ti sọ fún un nípa wákàtí 35 yẹn, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ nílé yìí.” Lórí kọ́ńbọ́ọ̀dù ni fáìlì rẹ̀ wà, pẹ̀lú fótókọ́pì ìwé ẹ̀rí àti fọ́tò pélébé tí ó ń ṣe lọ́tun-lọ́tun, kí ó lè wà ní sẹpẹ́ bí wọ́n bá pè é lójijì pé ọ̀gá kan ń gba èèyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbéèrè tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni ẹni tó rán an wá.

Síbẹ̀, nínú ìṣirò ìjọba, ó níṣẹ́. Lópin ọdún 2020, ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni àjọ oníṣirò orílẹ̀-èdè Nàìjíríà pè ní aláìríṣẹ́. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023, ó di 4.1. Ọ̀nà ìṣirò ni wọ́n yí padà, láti bá ti àgbáyé mu: ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ owó fún wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ ti di òṣìṣẹ́. Àbúrò mi sì máa ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó nídìí POS nítòsí ọjà Àtàkúnmọ̀sà.

Àwọn àgbà kan lọ́dọ̀ wa níbí gbà pé tilé sàn jù, nítorí pé ebi kì í pa aláìríṣẹ́ níbi tí ẹbí bá wà. N kò bá wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yẹn ló ń ru ẹrù tó yẹ kí ìjọba rù, kò sì sí ẹni tó ń kà á sí. Ohun tí mo gbà fún wọn ni pé ẹni mímọ̀ ló ń fúnni níṣẹ́ níbi méjèèjì: ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan ló sọ fún mi pé ilé búrẹ́dì tí òun wà ń wá òṣìṣẹ́ òru, Jobcentre kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pẹ́ńsì 55 ni wọ́n ń yọ kúrò nínú ìrànwọ́ mi lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí mo bá gbà, títí ó fi tán, tí èmi pẹ̀lú wọn sì parí. Ti àbúrò mi kò ní í parí bẹ́ẹ̀. Àkọ́bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà ní SS2, gbogbo ilé sì ti mọ ẹni tí yóò san owó yunifásítì rẹ̀, bí iṣẹ́ bá lè tètè dé.