Owó kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù àti owó orí ní UK

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ kíà (ìtọ́jú arúgbó àti aláìsàn) ní UK, tẹ́ ẹ tún ń se kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù tà ní wíkẹ́ńdì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ o. Tí gbogbo owó tó wọlé, kẹ́ ẹ tó yọ owó ìrẹsì àti gáàsì, bá ti ju £1,000 lọ lọ́dún owó orí kan (April 6 sí April 5 ọdún kejì), ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí HMRC, iléeṣẹ́ owó orí ìjọba UK, mọ̀, kẹ́ ẹ fi fọ́ọ̀mù owó orí ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó pẹ́ tán January 31 tó tẹ̀lé òpin ọdún owó orí yẹn, torí ẹni tó bá fi ọjọ́ kan péré pẹ́, fáìnì £100 ni, ó sì máa ń dùn mí gan-an. Ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Ọrẹ ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ẹ kọ fọ́ọ̀mù Gift Aid, ìjọba á fi 25p lé £1 kọ̀ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀ṣì, kò ná yín ní kọ́bọ̀, tí owó orí tẹ́ ẹ san bá ṣáà ti tó. Èyí tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí nílé ò sí níbẹ̀ o.