Oògùn ibà, ọkàn wa, àti iná díẹ̀ nínú abọ́

Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ nínú wa á rántí Halfan. Oògùn ibà ni, halofantrine lorúkọ ẹ̀ gan-an, ó ń pa ibà lóòótọ́ àmọ́ ó máa ń da ìlù ọkàn àwọn kan rú, àwọn míì sì ti ibẹ̀ kú lójijì. Ohun tó ń dùn mí ni pé ó ti wà lọ́jà káwọn oníṣègùn tó fura.

Ṣé ẹ mọ̀ pé tí sẹ́ẹ̀lì ọkàn bá lù tán, ó gbọ́dọ̀ sinmi kó tó tún lù, potássíọ̀mù ló sì ń jáde lára ẹ̀ kó lè ráyè sinmi. Ojú ọ̀nà tó ń gbà jáde yẹn ni wọ́n ń pè ní hERG, òun ni halofantrine ń dí. Terfenadine tí wọ́n ń lò fún imú tó ń ṣomi náà ń dí i, 1998 ló kúrò lọ́jà Amẹ́ríkà.

Ní 2007, Shinya Yamanaka ará Japan àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mú sẹ́ẹ̀lì awọ ara èèyàn, wọ́n dá a padà sí irú èyí tó lè di ẹ̀yà ara èyíkéyìí, àtìgbà yẹn làwọn èèyàn ti ń sọ irú ẹ̀ di sẹ́ẹ̀lì ọkàn, tí wọ́n fi ń dán oògùn wò. Tẹ́ ẹ bá wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹ ó rí i tó ń sún kì, tó ń tú, tó tún ń sún kì, fúnra ẹ̀ nínú abọ́.

Ibi tíná ti wọ̀ ọ́ ni mo fẹ́ràn jù. Tí wọ́n bá fi àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, abọ́ kan á máa yára, òmíì á máa falẹ̀, oògùn pàápàá sì lè yí eré wọn padà, bẹ́ẹ̀ tí ìlù bá ti falẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á pẹ́ kó tó sinmi, báwo lẹ ṣe máa wá mọ̀ bóyá oògùn ló fà á àbí fífalẹ̀ yẹn? Ni wọ́n bá ki irin méjì bọ inú omi tó wà nínú abọ́, wọ́n ń ta iná fẹ́ẹ́ sí i, ẹ̀ẹ̀kan ní sẹ́kọ́ńdì kan, gbogbo sẹ́ẹ̀lì á wá máa tẹ̀lé e bí onílù ṣe ń tẹ̀lé agogo. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á da oògùn sí i, díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa wo bó ṣe ń pẹ́ sí kó tó sinmi.

Wọ́n á tún yí eré ẹ̀ padà o, torí ọ̀pọ̀ oògùn tó ń dí hERG, ìgbà tí ọkàn bá rọra ń lù ni wọ́n ń ṣọṣẹ́ jù, àmọ́ flecainide, oògùn tí wọ́n fi ń tún ìlù ọkàn ṣe, tó ń dí ọ̀nà sódíọ̀mù, bí ọkàn bá ṣe ń sáré sí ló ń mú un le sí. Ní 1989, ìwádìí CAST ní Amẹ́ríkà rí i pé àwọn tí ìkọlù ọkàn (heart attack) ti bá rí tí wọ́n wá fún ní flecainide kú ju àwọn tí ò gba oògùn gidi lọ. Ẹni tó bá fi eré kan ṣoṣo dán oògùn wò ò tíì dán an wò, bí mo ṣe rí i nìyẹn, pàápàá oògùn ibà tí gbogbo wa ń gbé mì, ọmọdé àtàgbà.

Abọ́ yìí ò lẹ́dọ̀ ṣá. Ẹ̀dọ̀ ló máa ń tètè yí terfenadine padà di nǹkan tí ò léwu, àfi téèyàn bá lò ó pọ̀ mọ́ ketoconazole, oògùn làpálàpá, tí ò ní jẹ́ kẹ́dọ̀ ráyè. Nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ da oògùn sínú abọ́ yẹn dé ìwọ̀n tó máa wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tẹ́dọ̀ ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa.