Àyà ríro ní Àjàṣẹ́ àti ní Lyon

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin), kí èèyàn tó sọ pé àyà ń ro òun tán, wọ́n á ti bi í pé kí ló jẹ lálẹ́ àná. Bó bá lè ní ẹ̀bà ni, ẹjọ́ ti parí: ata ni, tàbí gààrí tó kan jù. Àwọn Faransé tí mò ń gbé láàárín wọn ní Lyon náà ní tiwọn: bí wọ́n bá jẹun jù, ẹ̀dọ̀ ni wọ́n máa ń di ẹ̀bi rù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni ẹni tó ń dájọ́. Nígbà tí bàbá tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa kan ilẹ̀kùn mi, tó fi ọwọ́ di àyà mú, SAMU, àwọn oníṣègùn pàjáwìrì ilẹ̀ Faransé, ni mo pè, nọ́ńbà 15. Ẹni tó gbé fóònù kò béèrè ohun tí bàbá jẹ. Ó ní: "Ṣé ó ń fún wọn ni àbí ó ń jó wọn? Ṣé ó ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n? Ṣé wọ́n ń làágùn?" Bàbá dáhùn pé bí ìgbà tí wọ́n gbé ọlọ lé òun láyà ni (bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn ṣá, Faransé kò mọ ọlọ).

Omi kíkan tó ń gòkè láti inú ikùn sábà máa ń jó èèyàn láti àárín àyà dé ọ̀fun, pàápàá lẹ́yìn oúnjẹ, bí a bá dùbúlẹ̀ tàbí tí a bẹ̀rẹ̀. Ẹnu á kan. Ti ọkàn sábà máa ń fúnni, ó ń tẹni mọ́lẹ̀. Ó lè mú apá, ọrùn, àgbọ̀n tàbí ẹ̀yìn, kí òógùn tútù bò wá, kí èémí má délẹ̀, kí èébì máa gbéni. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a ń gun àtẹ̀gùn, tó sì rọlẹ̀ bí a ti jókòó, ọkàn ni kí ẹ fura sí.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi èyí búra nínú ilé. Obìnrin, àgbàlagbà àti alátọ̀gbẹ lè ní àrùn ọkàn kí àyà má ro wọ́n rárá, àárẹ̀ àti èébì nìkan. Bí oògùn ikùn bá sì mú un rọ̀, ìyẹn kò fi hàn pé ọwọ́ ọkàn mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo ẹ̀rọ ECG tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù, tí wọ́n sì ń gba ẹ̀jẹ̀ láti wá troponin, èròjà tó máa ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ bí ọkàn bá farapa, nígbà míì lẹ́ẹ̀mejì, torí ó lè má tíì hàn ní wákàtí àkọ́kọ́.

Ní Lyon, ẹ̀rọ náà ló wá bá bàbá nínú yàrá. Ní Àjàṣẹ́, aláìsàn ló máa ń wá ẹ̀rọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, àwọn ará ilé á sì ti máa dá owó jọ lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, n kò ní fi gbogbo ìyìn fún Lyon. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Wàǹdó, àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́, lè wo ojú èèyàn kó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é kí onítọ̀hún tó lanu. Níhìn-ín, ẹni tó ń dá gbé gbọ́dọ̀ pe 15 fúnra rẹ̀, kó sì rántí ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tó wà nílé ti fẹnu kò pé wọn kò ní gbé ẹnikẹ́ni tí àyà ń fún sẹ́yìn zémidjan (ọ̀kadà), torí kò ríbi fẹ̀yìn tì, bó bá sì dákú, ó ti já sílẹ̀ nìyẹn. Ó ti gba nọ́ńbà onítakisí kan tó ń gbé ládùúgbò wọn, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì.