Ẹ fi igi yẹn sílẹ̀ ná, ìdí ẹṣin yín ò tíì gbé e

Ohun tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó ń gun ẹṣin ni "ó ti ń kọ̀ láti fo igi" àbí "ó máa ń gbára lé ìjánu, apá mi fẹ́ẹ̀ já". Ibi tọ́rọ̀ máa ń lọ lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n lọ ra ìjánu tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ dúró sẹ́yìn ẹṣin náà ná, ẹ jìnnà sí i díẹ̀ o kó má baà ta yín nípàá, kẹ́ ẹ wá wo ìdí ẹ̀ dáadáa. Ṣé ẹran kún ibẹ̀ ni àbí egungun ló yọ ṣóńṣó? Ṣé ọ̀tún àti òsì dọ́gba? Tó bá ń rìn ńkọ́, ṣé ó ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nílẹ̀ àbí ó ń wọ́ orí pátákò?

Ẹṣin tó dúró jẹ́ẹ́, bí ìdá 60 nínú 100 ìwúwo ẹ̀ ló wà lórí ẹsẹ̀ iwájú, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀. Èèyàn tún wá gbé gàárì àti ara ẹ̀ lé e lórí. Torí náà gbogbo iṣẹ́ tá à ń bá a ṣe nílẹ̀ pẹrẹsẹ, ká lè jẹ́ kó kó ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọ abẹ́ ikùn ni, kí ìdí lọ sílẹ̀ díẹ̀ kí èjìká lè fúyẹ́. Fífò náà, ibẹ̀ yẹn ló ti ń wá: ẹsẹ̀ iwájú á gbé àyà sókè, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì á ká, wọ́n á wá ti gbogbo ara kọjá. Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, àmọ́ lára ẹṣin kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn niwájú ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ohun témi gbà gbọ́ ni pé fífò kì í kọ́ ìdí ẹṣin tí ò lágbára, ṣe ló máa ń tú àṣírí ẹ̀. Nǹkan tó ń kọ́ ọ ò dùn ún wò rárá. Rìn, tróòtì (eré kékeré), rìn, tróòtì, dúró, tróòtì, káńtà (eré tó yá ju tróòtì lọ) díẹ̀, padà sí tróòtì, kó tó di pé ẹ yí ká pápá lẹ́ẹ̀kan kó ti pààrọ̀ bíi mélòó kan. Gbogbo ìgbà tó bá ń dẹ́kun láìsùn lé ìjánu, ìdí ẹ̀ ló ń fi gbé ara ẹ̀. Ẹ fi shoulder-in kún un, ìyẹn kí ẹṣin máa lọ síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá àmọ́ kí èjìká ẹ̀ yà díẹ̀ sínú, èyí tí La Guérinière, olùkọ́ ẹṣin gígùn ará Faransé, ti ń kọ́ àwọn èèyàn láyé àwọn ọdún 1700, torí ó máa ń fipá mú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó wà nínú láti gbé ẹrù.

Mo tún fẹ́ràn kí ẹṣin máa rìn sẹ́yìn, àmọ́ èyí tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ò dáa. Wọ́n á fa ìjánu títí, ẹṣin á nà orí sókè, ẹ̀yìn ẹ̀ á rì, ẹ óò rí ìlà méjì nínú yẹ̀pẹ̀ níbi tó ti wọ́ pátákò lọ. Ẹ jẹ́ kó dúró dọ́gba ná, ẹ fúyẹ́ díẹ̀ lórí gàárì, ẹ fi ẹsẹ̀ kàn án ní kó lọ, kí ọwọ́ wá sọ fún un pé iwájú ò ṣí sílẹ̀. Tó bá ṣe é dáadáa, ọrùn á rọ̀, ìdí á lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún àti tẹ̀yìn òsì á gbéra pọ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin ti tó, ẹ jẹ́ kó lọ síwájú kíá.

Tẹ́ ẹ bá ní òkè nítòsí, ẹ ti là. Kó máa rìn gùn ún o, kì í ṣe kó sáré, torí ẹṣin tó ń sáré gun òkè kàn ń fi eré bo àìlágbára ẹ̀ ni. Kó rọra sọ̀ kalẹ̀ náà, ìsọ̀kalẹ̀ yẹn le fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Igi ilẹ̀, èyí tá à ń tò sílẹ̀ kí ẹṣin máa gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí ẹ̀, náà dáa, tróòtì máa ń fẹ́ bíi mítà 1.2 sí 1.4 láàárín igi kan sí èkejì, kó kúrú sí i fún ẹṣin kékeré, tó bá ti mọ̀ ọ́n dáadáa ẹ gbé e sókè sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20.

Kì í ṣe ojoojúmọ́ o! Ẹ ṣe iṣẹ́ agbára lónìí, kó rìn gbẹ̀fẹ́ lọ́la, ìgbà ìsinmi lẹran ń dàgbà. Ẹran máa ń tètè kún, àmọ́ iṣan tó so mọ́ egungun àti egungun fúnra ẹ̀ ń lọ́ra gan-an, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ẹṣin ti ń ṣèṣe, torí ara ti yọ, olówó ẹ̀ rò pé ó ti tó, ló bá gbé igi sókè.

Àìlágbára àti ìrora sì jọra púpọ̀. Ẹṣin tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ méjèèjì ń fò pọ̀ bíi ehoro nínú káńtà, èyí tó ń ju ìrù kíkankíkan, èyí tí orúnkún ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń há tí ẹsẹ̀ á wá nà tantan, dókítà ẹranko ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè. Ti orúnkún tó ń há yẹn, lára ẹṣin tí ọjọ́ orí ẹ̀ ṣì kéré tí ẹran ò tíì kún itan ẹ̀, ó máa ń dínkù tó bá ń lágbára sí i, àmọ́ dókítà ni kó sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín ní pápá.

Tó bá wá kan fífò, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igi kúkúrú mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn, kó balẹ̀ kó sì fò láìgbé ìṣísẹ̀ kankan sáàárín. Ẹ wo ìdí ẹ̀ bó ṣe ń kọjá: tó bá ń jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣáá, ẹ tú igi yẹn ká, ẹ padà sórí òkè.