Ìjàpá Bàbá Mi, Ìjàpá Tèmi

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láti Ìbàdàn, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Ẹ́ńjìnnì Corolla wọn ti nọ́ọ̀kì, mẹkáníìkì sì ní kí wọ́n lọ wo ẹ́ńjìnnì àlòkù, bẹ́líjíọ̀mù, ní Gate. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Ìparí ọ̀rọ̀ wọn ni: "Àbẹ̀kẹ́, ìwọ tí o kì í ra epo, tó jẹ́ iná lásán lo fi ń wa mọ́tò kiri, kí lo tiẹ̀ ń fi owó ṣe ná?"

Inú mọ́tò náà gan-an ni mo ti gbọ́ ọ, níwájú ṣáájà kan ní Sunderland, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti pa hítà, mo da búláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀, mò ń ṣọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù bí ẹni ń ṣọ́ ẹ̀wà tí kò fẹ́ jinná.

Nissan Leaf ọdún 2014 ni mò ń wà. Ìlú tí mo wà yìí náà ni wọ́n ti ń ṣe é láti 2013. Àwa náà ti ní mọ́tò tí wọ́n tò nílé rí: Volkswagen ìjàpá bàbá wa, láti ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n l'Ékòó ní 1975. Ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, búùtù níwájú, kò sì mu omi, afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bàbá a máa ní ẹni tó bá ń wá radíétọ̀ lára ìjàpá, irun ló ń wá lára ahun. Bátìrì ńlá tó wà lábẹ́ tèmi náà kò lómi tó ń tù ú, afẹ́fẹ́ náà ni. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà tí mo rà á ni pé òun náà ní ìjàpá nínú. Bí iná bá kù díẹ̀ kó tán pátápátá, àwòrán ìjàpá kékeré kan á yọ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, mọ́tò á wá máa wọ́ bí aláìsàn. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ti rí i. Mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Ti ilé, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Epo tí lítà kan kò tó 200 náírà kí Ààrẹ Tinubu tó yọ owó ìrànwọ́ ní oṣù Karùn-ún 2023 ti kọjá 1,000 kí 2024 tó parí. Iná ọba ń dákú, ó ń jí. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní kí n fi oníná kan ránṣẹ́ sáwọn rí. Mo ní, "Bọ̀dá mi, níbo lẹ ti fẹ́ máa fi iná sí i?" Wọ́n ní ṣebí jẹnẹrétọ̀ wà. Epo ni wọn yóò fi ṣe iná tí wọn yóò fi sá fún epo.

Ká sọ tòótọ́, mọ́tò yìí kì í dá mi lágara bíi ti ilé. Ọdún kẹta rèé, mi ò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún nǹkan kan ju omi wáípà lọ. Kò sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kò sí púlọ́ọ̀gì, kò sí sàlẹ́ńsà tí yóò jẹrà. Bíréèkì kì í tètè jẹ, torí bí mo bá ti gbẹ́sẹ̀, mọ́tò fúnra rẹ̀ á máa fa ara rẹ̀ sẹ́yìn, á sì dá iná díẹ̀ padà sínú bátìrì. Owó àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT kò lè ju £54.85 lọ. Láti oṣù Kẹrin 2025 tí wọ́n ti ní kí oníná náà máa san owó ojú ọ̀nà, £20 lọ́dún ni wọ́n bù fún irú tèmi tó ti dàgbà.

Bébà ló kọ́kọ́ jẹ mí lówó. Láìsẹ́nsì Nàìjíríà kò ṣeé fi wa mọ́tò ju oṣù 12 lọ níbí, lẹ́yìn náà o di akẹ́kọ̀ọ́: ìbéèrè 50, kí o gba 43, kí ọmọ tí o lè bí wá jókòó tì ọ́ kó máa kọ bí o ṣe ń wo dígí. Ọdún 14 tí mo fi wakọ̀ láàárín àwọn mícrà Ìbàdàn, òdo ni ilé iṣẹ́ ìbánigbófò kọ síwájú rẹ̀. Mo ti san ìyẹn, ó tán. Èyí tí kò tán ni ọ̀rọ̀ iná.

Àwọn tó ní ilé tó ní ààyè mọ́tò níwájú ń fi iná ilé ṣáájì lóru, yúnìtì kan ní nǹkan bíi pẹ́nsì 7. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé, ilé àyágbé. Mo ra wáyà tí àwọn òyìnbó ń pè ní ti ìyá àgbà torí pé kò lè yára, mo sọ ọ́ láti ojú fèrèsé kọjá ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, mo tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e kó má baà gbé ẹnikẹ́ni ṣubú. Ọjọ́ kẹta ni lẹ́tà onílé dé. Láti ọjọ́ náà, ṣáájà ìta ni, pẹ́nsì 79 lórí yúnìtì kan. Owó orí tó wà lórí iná ilé jẹ́ 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti ṣáájà ìta jẹ́ 20. Ẹni tí kò ní ilé ló ń san jù.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa lọ láti ilé arúgbó kan sí òmíràn, kí n wẹ̀ wọ́n, kí n fún wọn lóògùn. Ogójì máìlì lójúmọ́. Yúnìtì kan ń gbé mi rin máìlì mẹ́ta, ìyẹn pẹ́nsì 26 lórí máìlì kan, nígbà tí ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń fi Yaris elépo rìn ín ní nǹkan bíi 14. Ibi iṣẹ́ ń fún wa ní 25. Ẹ bá mi rò ó. Mò ń fi pẹ́nsì kan kún owó wọn lórí máìlì kọ̀ọ̀kan kí n lè bá wọn ṣiṣẹ́.

Oṣù Kìíní ni ìjàpá yọ sí mi. Òtútù máa ń jẹ agbára bátìrì, tèmi sì ti gbó; ìlà 12 ló ń hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tó jẹ́ tuntun, mẹ́sàn-án ló kù. Mo kúrò lọ́dọ̀ ìyá tó kẹ́yìn ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, mo gba ibi ṣáájà lọ. Wáyà méjì ló wà lára rẹ̀. Èyí tí àwọn mọ́tò tuntun ń lò dára. Tèmi, irú tí wọ́n ń pè ní CHAdeMO, wọ́n ti fi téèpù òfeefèé dì í. Mo forí lé òmíràn, máìlì méje. Mi ò dé ìdajì ọ̀nà.

Mo pe àwọn tó ń gbé mọ́tò tó bá kú lọ́nà. Wọ́n ní wákàtí méjì. Mọ́tò ń kọjá, afẹ́fẹ́ wọn ń mi tèmi jìgìjìgì, kò sí ẹni tó yà. A kì í ti Leaf kó jí, a kì í sì í wọ́ táyà iwájú rẹ̀ nílẹ̀, àfi kí wọ́n gbé e sórí ọkọ̀. Nígbà tí ọmọkùnrin náà dé, ó ṣèèyàn púpọ̀. Nọ́ńbà mọ́tò ló béèrè. Kò béèrè orúkọ mi, kò béèrè bóyá mo ti jẹun.

Ìgbà tí ìjàpá bàbá wa kú ní Mọ́lété, mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Ìyá tó ń din àkàrà fi àkàrà sílẹ̀ nínú epo, ó wá fọwọ́ mọ́ ọn. Agbèrò méjì, ọmọ iléèwé mẹ́ta, bàbá kan tó gbé Bíbélì sí abíyá. "Ẹ tì í! Ẹ tún un tì!" Bàbá tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ní gíà kejì, ó gbọ̀n, ó wúkọ́, èéfín bo gbogbo wa, ó jí. Àkàrà ìyá yẹn jó. Bàbá ra gbogbo rẹ̀.

Ẹ má rò pé mò ń ṣe bí ẹni tó ti gbàgbé. Àwọn agbèrò méjèèjì gbowó. Mẹkáníìkì tí mo sì ń pè ní bàbá mi ní 2016 yọ bátìrì tuntun tí mo rà, ó fi ògbólógbòó sí i, ó sì bá mi gbàdúrà kí n tó wa mọ́tò lọ. Sátidé mélòó ni mo lò lórí bẹ́ǹṣì ibẹ̀? Mi ò tìtorí mọ́tò kúrò nílé, torí owó oṣù tó ń pẹ́ àti iléèwé àwọn ọmọ mi ni. Ọmọ mi kékeré ń lọ sí iléèwé níbí, wọn kì í sábà lọ síráìkì. Ṣé mo ń wí àwíjàre ni? Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wà nínú òtútù níwájú ṣáájà fún àádọ́ta ìṣẹ́jú, kí ló tún fẹ́ máa ṣe?

Mi ò sọ ọ̀kan nínú gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo tẹ £150 ránṣẹ́, mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ fi rántí mi." Ìjẹta ni wọ́n gbé bẹ́líjíọ̀mù náà wọlé. Wọ́n tún fi ohùn ránṣẹ́, ìṣẹ́jú kan péré lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò sọ̀rọ̀ rárá. Wọ́n gbé fóònù sún mọ́ ẹ́ńjìnnì kí n lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹnì kan ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí i.